Ta Ló Fẹ́ Bá Wa Ka Ẹyẹ Wa?

Bí a bá sọ fún ènìyàn pé a ń lọ ka ẹyẹ, ìdáhùn mẹ́ta la máa ń gbà. Àkọ́kọ́: "Ebi ò pa yín ni?" Èkejì: "Ẹ ti di òyìnbó nìyẹn." Ẹ̀kẹta, èyí tó máa ń wá láti ẹnu àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí a jọ ń kọ kóòdù jẹun: "Ṣé kò sí áàpù tó lè ṣe ìyẹn ni?" Ẹni tó fẹ́ràn wa á fi ẹ̀rín kún un. Ẹni tí kò fẹ́ràn wa á ní ká lọ wá iṣẹ́ ṣe, bí ẹni pé a ò níṣẹ́ lọ́wọ́.

Àwa náà ní èsì fún wọn, a ò sì ní fi dídùn bò ó. Ọ̀rọ̀ wa ò ju gbólóhùn kan lọ: ohun tí a kò bá kà, a ò ní mọ ọjọ́ tó tán. Àwọn kan nínú ẹyẹ ilẹ̀ wa ń lọ lójú wa báyìí, a ò sì lè sọ iye tó kù, torí a ò mọ iye tó wà tẹ́lẹ̀. Òyìnbó kọ́ ló máa bá wa kà á. Fóònù kọ́ ló máa bá wa kà á. Àwa ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Gbogbo ẹni tó mọ Ọ̀fà ló mọ̀ pé Ìyèrú Ọ̀kín ni wọ́n ń kì í. Àwọn tó jù wá lọ díẹ̀ á rántí bísíkíìtì Ọ̀kín tí wọ́n ń ṣe lágbègbè náà. Ẹyẹ wà nínú oríkì ìlú, ẹyẹ wà nínú orúkọ bísíkíìtì. Ẹ wá lọ bi ọ̀dọ́ mẹ́wàá lọ́jà Ọ̀fà pé kí wọ́n fi ọ̀kín hàn yín. Wọn á yọ fóònù, wọn á tẹ "peacock" sí Google, wọn á fi ẹyẹ ilẹ̀ Íńdíà hàn yín. Bẹ́ẹ̀, ìwé mìíràn wà tó sọ pé ẹyẹ kékeré kan tí ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ, tó ń jẹ kòkòrò nínú igbó tiwa níbí, ni ọ̀kín. Paradise flycatcher ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Èwo ni ká wá mú? Àwọn ìwé ò fẹnu kò. Ẹyẹ tí à ń pè ní ọba ẹyẹ, tí a fi ń ki odindi ìlú, a ò lè na ìka sí i ká ní òun nìyí. Ṣé ìyẹn ò tó ojú tì wá?

Kí wá ni kíka ẹyẹ? Kì í ṣe pé ká jókòó sábẹ́ igi ká máa ka ení, èjì, ẹ̀ta títí ilẹ̀ á fi ṣú. Láti ọdún 2015 ni iṣẹ́ kan ti ń lọ ní Nàìjíríà tó ń jẹ́ Nigerian Bird Atlas Project. Ilé ìwádìí ẹyẹ tó wà ní Laminga nítòsí Jos, A.P. Leventis Ornithological Research Institute, wà nídìí iṣẹ́ náà. Wọ́n fi ìlà pín àwòrán ilẹ̀ orílẹ̀-èdè yìí sí onígun mẹ́rin, onígun mẹ́rin, tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà 9. Pẹ́ńtáàdì ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, pẹ́ńtáàdì Nàìjíríà lé ní 10,000.

Ẹnikẹ́ni ló lè mú ọ̀kan. Òfin rẹ̀ ò le. Ẹ máa lo wákàtí 2 gbáko ó kéré tán. Ẹ máa gbìyànjú láti dé oríṣiríṣi ibi tó wà nínú pẹ́ńtáàdì yín: oko, etí odò, pápá, àárín ìlú. Irú ẹyẹ lẹ máa kọ, ní ẹsẹẹsẹ bí ẹ ṣe kọ́kọ́ rí i tàbí gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí wákàtí méjì bá pé, ẹ ṣì lè máa fi irú tuntun kún un títí di ọjọ́ karùn-ún. Áàpù ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ BirdLasser ló ń gba àkọsílẹ̀ náà lórí fóònù. Ó tán.

Àwa tí a kàwé kọ̀ǹpútà mọ ìyàtọ̀ kan tó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀. Nínú dátà, odo yàtọ̀ sí òfo. Odo túmọ̀ sí pé a wò, kò sí. Òfo túmọ̀ sí pé ẹnì kankan ò tíì wò. Ẹni tó bá kọ kóòdù tó ń ka òfo sí odo, ìṣirò rẹ̀ á dàrú, ọ̀gá rẹ̀ á sì pè é sí yàrá. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe sí ilẹ̀ wa gan-an nìyẹn. Pẹ́ńtáàdì tí ẹnì kankan ò dé, gbayawu ló máa wà lórí àwòrán. Ẹni tó fẹ́ la ọ̀nà, ẹni tó fẹ́ gé igbó, ẹni tó fẹ́ wa yanrìn odò á wo ibi gbayawu yẹn, á ní: "Kò kúkú sí nǹkan kan níbẹ̀." Ta ló fẹ́ já a nírọ́? Ẹ̀rí dà?

Ìdí nìyẹn tí a fi mú pẹ́ńtáàdì tí Ilémọ̀nà wà nínú rẹ̀, tí a lọ wò ó nígbà ọyẹ́. Ilémọ̀nà ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yún ní ìpínlẹ̀ Kwara, kò jìnnà sí Ọ̀fà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà lápá ibẹ̀ mọ ọyẹ́ tí à ń wí: afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ru eruku aṣálẹ̀ wá, pàápàá láti àfonífojì Bodélé ní ilẹ̀ Chad, tí ètè á máa bẹ́, tí ẹsẹ̀ á funfun bí ẹni tó tẹ ẹfun. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, a ti wọ súwẹ́tà lé súwẹ́tà. Ẹnì kan tiẹ̀ fi gèlè ìyá rẹ̀ di etí. Ọwọ́ wa ń gbọ̀n lórí fóònù.

Àwa méje ni. Báínókúlà mẹ́ta péré ló wà láàárín wa, à ń gbà á lọ́wọ́ ara wa bí ọmọ tí wọ́n pín súìtì fún. Eruku ti bo gbogbo ayé. Igi tí kò jìnnà sí wa ju gígùn pápá bọ́ọ̀lù kan lọ dà bí òjìji. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ló dá lọ, lékeléke àti ẹyẹlé ló máa kó wálé. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kì í fi apá kan fò, a ò sì dá nìkan lọ.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan wà pẹ̀lú wa tó ti ń bá iṣẹ́ yìí bọ̀ fún ọdún mélòó kan. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ilẹ̀ ló ń wò, etí rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Àwa ń wá ẹyẹ nínú kùrukùru, òun ti kọ orúkọ mẹ́fà sílẹ̀. "Àdàbà nìyẹn. Ẹlúùlú ló wà nínú koríko lọ́hùn-ún. Akókó ló ń lu igi yẹn, ẹ má wo ewé, ẹ wo ẹ̀ka tó ti gbẹ." Ó kọ́ wa lọ́gbọ́n kan: ẹni tó bá gbọ́ ohùn kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kó kàn na ọwọ́ síbi tó ti gbọ́ ọ. Bí ọwọ́ mẹ́ta mẹ́rin bá na sí ibì kan náà, ká gbé báínókúlà síbẹ̀. A ṣe é bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀, ó sì ń jẹ́.

Àgbẹ̀ kan tó ń wa iṣu dá wa dúró. Ó rò pé àwọn tó fẹ́ wọn ilẹ̀ ni wá. Nígbà tó gbọ́ pé ẹyẹ là ń wò, ó rẹ́rìn-ín, ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó ní ká tẹ̀lé òun. Ìdí oko ọkà bàbà tó ti kórè ló mú wa lọ. Ẹyẹ kékeré kan bà sórí pòròpórò níbẹ̀, ó ní ìlà funfun lókè ojú, àyà rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí omi ọsàn. Á fò sílẹ̀, á ṣa kòkòrò, á tún padà sórí pòròpórò. Bàbá ní bí ọyẹ́ bá ti dé ni òun máa ń rí i, bí òjò bá sì ti ń múra, kò ní sí mọ́. "Àlejò ọyẹ́ ni mo ń pè é ní tèmi." Olùkọ́ wa wò ó títí, ó ní whinchat ni.

Darandaran kan tó ń da màlúù kọjá náà dúró kí wa. Ojú gbogbo wa wà lára lékeléke, òun ló na ọ̀pá sí ìsàlẹ̀, sí ìdí pátákò màlúù. Àwọn ẹyẹ wẹ́wẹ́ kan wà níbẹ̀, ikùn wọn pọ́n rẹ́súrẹ́sú, wọ́n ń sáré, wọ́n ń ju ìrù sókè sódò. Yellow wagtail ni. Àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè lòun náà.

Lọ́wọ́ ọ̀sán, a dé ọ̀dọ̀ bàbá ọdẹ kan. A ń sọ ohun tí a rí, ó ń dárúkọ: àparò, awó, òrófó, àtíòro. Ó wá dárúkọ àwọn mìíràn tí a ò rí nínú ìwé kankan tó wà lọ́wọ́ wa, ó sì ń fi ẹnu súfèé ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. A gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dìde, ẹnì kan bi í nípa igún. Bàbá wò wá yípo. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìgbà wo lẹ rí igún kẹ́yìn?" Nínú àwa méje, kò sí ẹni tó lè dárúkọ ọdún náà. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá pa màlúù, igún ló máa ń kún orí òrùlé.

A dé ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran. A dé ààtàn. Kannakánná wà níbẹ̀, àwòdì wà níbẹ̀. Ojú ìwé méjì ti kún nínú ìwé àkọsílẹ̀ wa nígbà yẹn. Síwájú igún, odo la kọ. Odo ni o, kì í ṣe òfo. A wò, kò sí.

Ó yá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ebi ò pa wá, ẹ fetí sílẹ̀ sí ohun tí igún fojú àwọn ará Íńdíà rí. Lágbedeméjì ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, igún pọ̀ ní Íńdíà débi pé kò sẹ́ni tó kà á sí ohun tó lè tán. Láàárín àwọn ọdún 1980, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Vibhu Prakash ka igún ní ọgbà Keoladeo. Nígbà tó padà kà á ní apá ìparí àwọn ọdún 1990, èyí tó pọ̀ jù ti lọ. Ìkà àkọ́kọ́ yẹn ló jẹ́ kí ìkà kejì ní ìtumọ̀. Ọdún 2004 ni àwọn onímọ̀ tẹ ìdí rẹ̀ jáde: diclofenac, oògùn ara ríro tí wọ́n ń fún màlúù, ló ń ba kíndìnrín igún jẹ́ bó bá jẹ òkú màlúù náà. Ọdún 2006 ni ìjọba Íńdíà fòfin de oògùn náà fún ẹranko. Kó tó di ìgbà yẹn, ó lé ní 95 nínú ọgọ́rùn-ún irú igún kan tó ti kú.

Kí ló tẹ̀ lé e? Òkú ẹran ń jẹrà lórí ilẹ̀, ajá ìgboro ń pọ̀ sí i, omi ń bàjẹ́. Ní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Eyal Frank àti Anant Sudarshan, ṣírò rẹ̀ pé láàárín 2000 sí 2005, nǹkan bíi ènìyàn 500,000 ló kú ní Íńdíà tí kì bá má kú bí igún bá ṣì wà. Ìdajì mílíọ̀nù! Ebi lẹ̀yin ń sọ, ikú làwa ń sọ.

Igún tiwa ńkọ́? Láti ọdún 2015 ni àjọ IUCN ti kọ igún tó máa ń wà nítòsí ilé àti ọjà wa, hooded vulture, mọ́ àwọn ẹ̀dá tó ti dé bèbè ìparun pátápátá. Níbí, wọ́n ń pa á tà ni. Orí igún wà lórí àtẹ lọ́jà. Ẹni tó ń rà á á ní àṣà ni. Àṣà ta ni? Àwọn baba wa tí wọ́n fi ń bora, èèwọ̀ ni wọ́n ní pípa igún jẹ́. Bí wọ́n bá gbé ẹbọ kalẹ̀, igún ni wọ́n ń retí, torí bí igún bá bà lé e, ẹbọ ti dà. Ẹ wá pa igún tán láti fi ṣe ẹbọ. Ta ló máa wá jẹ ẹbọ náà? Òjò tí ẹlúùlú bá pè, orí ara rẹ̀ ló máa rọ̀ lé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní iṣẹ́ òyìnbó ni, ó di orí yín. Ta ló mọ̀ pé àparò kan ò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè? Ta ló mọ̀ pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra? Ṣé òyìnbó ló kọ́ ọ yín ni? Ẹni tó pa òwe wọ̀nyẹn jókòó, ó wo ẹyẹ fún ìgbà pípẹ́. Agbe ló láró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun: gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ èyí tí wọ́n bá fẹ́ wúre. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ mọ àwọ̀ ẹyẹ, wọ́n mọ ibi tó ń gbé. Àwa la di ẹni tó ń fi agbe àti àlùkò wúre láì mọ agbe, láì mọ àlùkò.

Òyìnbó náà ò sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú báínókúlà. Ìbọn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ó jẹ́ eré ọjọ́ Kérésìmesì fún wọn pé kí wọ́n pín sí ẹgbẹ́ méjì, kí wọ́n jáde nínú òtútù lọ yìnbọn, kí wọ́n wo ẹgbẹ́ tó pa ẹyẹ àti ẹranko jù. Ní Kérésìmesì ọdún 1900, Frank Chapman bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kà á dípò kí wọ́n pa á. Ènìyàn 27 péré ló jáde, ní ibi 25. Wọn ò dẹ́kun kíkà láti ìgbà náà. Nítorí irú ìkà báyìí, tí àwọn ènìyàn lásán ń ṣe láìgba kọ́bọ̀, ni àwọn onímọ̀ fi lè sọ ọ́ ní gbangba ní ọdún 2019 pé ẹyẹ Amẹ́ríkà àti Kánádà ti dín ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 láti ọdún 1970. Wọ́n mọ ohun tó sọnù lọ́wọ́ wọn. Àwa ńkọ́? Irú ẹyẹ tó wà ní Nàìjíríà lé ní 900. Èwo ló ń dín kù nínú wọn ní Ìpéé, ní Ìjágbó, ní Ẹ̀rìn-Ilé? Ẹ dá wa lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí whinchat, àlejò ọyẹ́ bàbá àgbẹ̀ yẹn. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju bíi gíráàmù 15 sí 20. Ilẹ̀ Yúróòpù ló ti ń pa ọmọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn. Bí òtútù wọn bá ń bọ̀, á fò la Sàhárà kọjá, á wá bá wa. Àwọn onímọ̀ tó fi òrùka àwọ̀ sí i lẹ́sẹ̀ nítòsí Jos rí i pé ẹyẹ tó bá yè é, ibi tó gbé lọ́dún tó kọjá gan-an ló máa ń padà sí, àní sí oko kan náà. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ bàbá àgbẹ̀ kì í ṣe àsọdùn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹyẹ kan náà ló ń rí lọ́dọọdún. Nǹkan bí ìdajì ọdún ni ẹyẹ yìí ń lò nílẹ̀ Áfíríkà. Oko wa ló ń jẹ, kòkòrò wa ló ń jẹ. Kí ló dé tí yóò fi jẹ́ ti òyìnbó nìkan? Bí wọ́n bá gbin ilé sí gbogbo oko tó wà níbí, àwọn tó ń retí rẹ̀ ní Yúróòpù á retí rẹ̀ tì. Wọn á sì bi wá pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ìdáhùn wo la fẹ́ fún wọn?

Ó wá ku ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin oní-kóòdù. Ẹ̀yin gan-an la fẹ́ bá jà. Ẹ gbọ́ pé ìṣòro kan wà báyìí, áàpù ló kọ́kọ́ ń sọ sí yín lọ́kàn. Ẹ máa fi ọjọ́ méjì ṣe ìdíje, ẹ máa mu kọfí, ẹ máa ya lógò aláwọ̀ ewé, ẹ máa gba ẹ̀bùn, ó parí. Ẹsẹ̀ ẹnì kankan ò kan ìrì. A mọ iṣẹ́ yìí bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n, nítorí náà ẹ ò lè fi tàn wá jẹ. Ẹ̀rọ tó ń dá ohùn ẹyẹ mọ̀, inú ohùn tí ènìyàn gbà sílẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Ibi tí ẹnì kankan ò bá ti gba ohùn sílẹ̀, ẹ̀rọ ò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Á kàn fi ìgboyà mú orúkọ ẹyẹ ibòmíràn fún yín. Ẹ̀rọ tó ń dá àwòrán mọ̀ ò ríran nínú ọyẹ́. Kò sì sí áàpù tó máa sọ fún yín pé igún kún orí òrùlé Ilémọ̀nà nígbà kan rí. Inú ọkàn bàbá ọdẹ yẹn nìkan ni dátà yẹn wà. Ẹ má gbàgbé pé bàbá náà ò ní ẹ̀dà kejì níbì kankan.

A ò sọ pé fóònù ò wúlò. Òun la fi kó àkọsílẹ̀ wa ránṣẹ́. Ohun tí à ń sọ ni pé fóònù á gba ohun tí ẹ bá mú wá fún un, kò ní bá yín lọ mú un wá. Lọ́jọ́ tí a lọ sí Ilémọ̀nà, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, àgbẹ̀, darandaran àti ọdẹ ló ràn wá lọ́wọ́. Kò sí ìkankan nínú wọn tó béèrè owó. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Bí ẹ bá fẹ́ kọ kóòdù dandan, iṣẹ́ wà: ẹ kó orúkọ ẹyẹ jọ ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn, pẹ̀lú ìlú tí ẹ ti gbọ́ ọ, torí orúkọ Ọ̀fà lè má jẹ́ orúkọ Ìjẹ̀bú. Ẹ gba ohùn àgbà tó sọ ọ́ sílẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wọ bàtà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnìkan lè sọ tí a ò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ètò ààbò mẹ́hẹ. Igbó tí bàbá wa máa ń dá wọ̀ tẹ́lẹ̀, a ò lè dá wọ̀ ọ́ mọ́, Kwara náà ò sì yọ sílẹ̀. Òótọ́ ni, a ò ní kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀mí wéwu nítorí ẹyẹ. Ṣùgbọ́n pẹ́ńtáàdì kì í ṣe igbó nìkan. Àtẹ̀yìnwá ilé ìyá yín wà nínú pẹ́ńtáàdì kan. Ọgbà iléèwé wà nínú rẹ̀, ààtàn wà nínú rẹ̀, igi máńgòrò ìdí mọ́ṣáláṣí wà nínú rẹ̀. Ẹ lọ kí baálẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ohun tí báínókúlà wà fún, ẹ mú ọmọ ìlú dání, ẹ má dá lọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀gà àti ológoṣẹ́ nìkan lẹ rí, ẹ kọ ẹ̀gà àti ológoṣẹ́. Ó sàn ju òfo lọ.

Ọyẹ́ ń bọ̀, púpọ̀ nínú yín á sì lọ sílé fún ọdún. Láàárín ìgbà tẹ́ ẹ bá dé àti ìgbà tí jọ̀lọ́ọ̀fù máa jinná, wákàtí méjì ò ní pa yín lára. Ẹ jí ní àárọ̀ kùtù, ẹ wọ súwẹ́tà, ẹ pe ọ̀rẹ́ kan tàbí méjì. Ẹ wá àgbà kan ládùúgbò, ẹ bi í ní orúkọ ẹyẹ mẹ́wàá, kí ẹ sì bi í pé èwo ni kò rí mọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́. Ní ọdún tó ń bọ̀, ẹ tún un ṣe níbì kan náà, torí ìkà kan ṣoṣo ò lè sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ tiwa náà á dàgbà. Á gbọ́ orúkọ igún nínú òwe, á gbọ́ ọ̀kín nínú oríkì, á sì bi wá léèrè pé níbo ni wọ́n wà. Bí wọ́n bá ti tán, ó kéré tán, ká lè sọ ọdún tó tán fún un, ká sì lè sọ ohun tó pa á. Bí wọ́n bá ṣì wà, ká lè mú un lọ́wọ́ lọ síbi tí wọ́n wà. Èyí tó burú jù nínú gbogbo ìdáhùn ni pé a wà níbẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ wa, ojú wa là sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó wò.